Ọ̀rọ̀ Àjẹ́ Lójú Ọ̀nà Ushafa

Ìwé òfin ni wọ́n fi tẹ Àbújá dó. Ọdẹ kankan kò rìn rìn rìn kó tó pàgọ́ síbẹ̀, ọmọ ọba kankan kò sì bínú fi ilé sílẹ̀ wá tẹ̀ ẹ́ dó. Ní 1975 ni ìjọba Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Akínọlá Àgúdà, tí Táí Ṣólàárìn wà lára wọn, pé kí wọ́n wá ibi tí olú-ìlú tuntun máa wà. Nígbà tó di ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, òfin ti jáde. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ wá kó kúrò l'Ékòó pátápátá. Ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ilẹ̀ tí kò ní onílẹ̀ ni àwọn yàn, kí ẹ̀yà kan má baà máa fọ́nnu lórí ìyókù.

Ẹ lọ bi àwọn Gbagyi léèrè bóyá kò ní onílẹ̀. Abúlé baba wọn ni Garki, òun náà ni Jabi, òun náà ni Mpape. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ Maitama tí àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè ń gbé lónìí, wọ́n kó àwọn tó ń dáko níbẹ̀ lọ sí Kubwa. Àwọn Koro, Gade, Gwandara àti Bassa náà wà níbẹ̀ kí kátàpílà tó dé. Gwari ni Hausa ń pe Gbagyi, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fẹ́ kí wọ́n máa pe àwọn bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí náà n kò ní pè wọ́n bẹ́ẹ̀ níhìn-ín.

Ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi ló gbé mi débẹ̀. Ẹni tó bá ti bá àwọn ìyàwó ilé jókòó ní àwùjọ àríyá ní Àbújá yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé tó ń gbówó lórí àti ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ni wọ́n máa ń sọ ṣáá. Nígbà tó sú mi, mo ní kí wọ́n bá mi pe ọkọ̀, mo fẹ́ lọ wo àwọn tó ń mọ ìkòkò ní Ushafa. Tápà ni awakọ̀ tí wọ́n pè, ọmọ Bídà, tó ti gbé Ìlọrin pẹ́ débi pé Yorùbá ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́. Mọ̀mí ló ń pè mí, èmi náà ń pè é ní Alájì. Láti Wuse, a gba títì Kubwa, a yà ní Dutse, a wá kọjú sí ọ̀nà Bwari, níbi tí olú ilé-iṣẹ́ JAMB wà, orúkọ tí kò sí òbí tó ní ọmọ ní ilé-ìwé gíga tí kò mọ̀ ọ́n.

Lójú ọ̀nà yẹn ni mo ti rí wọn. Àwọn obìnrin kan tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, igi ìdáná wà ní èjìká oníkálukú. Wọ́n di igi náà gírígírí, wọ́n gbé e sí ibi tí ọrùn ti pàdé èjìká, ọwọ́ kan nà sókè dì í mú, orí wá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì láti fún ẹrù láyè. Èyí tó kẹ́yìn pọn ọmọ. Kò sí òṣùká, kò sí ohunkóhun lórí wọn ju gèlè lọ.

"Mọ̀mí, Gbagyi kì í gbé ẹrù lé orí," ni Alájì wí. "Bó wúwo bí òkúta, èjìká ni."

Nígbà tí a dé Ushafa, mo béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá kan tó ń mọ ìkòkò. Ọmọkùnrin kan tó ń kàwé ní Bwari ló ń túmọ̀ fún wa. Èsì tí ìyá náà fún mi ni èsì tí gbogbo Gbagyi máa ń fúnni: orí ni ọba ara, a kì í sì í gbé ẹrù lé ọba lórí. Ó sọ ọ́ tán, ó tún tẹ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé ìbéèrè tí ọmọdé máa ń bi í lójoojúmọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Ta ló mọ iyì orí ju Yorùbá lọ? Àwa là ń bọ ọ́, àwa là ń kọ́ ilé fún un pẹ̀lú owó ẹyọ, àwa là ń sọ pé kò sí òrìṣà tí í dáni í gbè lẹ́yìn orí ẹni. Orí kan náà yìí la sì fi ń ru omi, ru amọ̀, ru gaàrí láti oko dé ọjà. Bí ẹnì kan bá dúró lójú ọ̀nà Dutse, tó rí Gbagyi tó gbé igi lé èjìká, tó tún rí ìyá Yorùbá tó gbé igbá lé orí, tó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ti àkọ́kọ́ ń bọ̀wọ̀ fún orí, àwọn ti ìkejì kò bọ̀wọ̀ fún un, irọ́ gbuu ló kọ. Ọ̀wọ̀ wà ní ìhà méjèèjì. Ní ti Gbagyi, ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún kì í ṣe làálàá. Ní ti wa, ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún la máa ń bẹ̀ pé kó báni gbé e, ìdí sì nìyẹn tí àdúrà wa fi kún fún kí orí bá mi ṣe é, kí orí bá mi gbé e délé.

Iṣẹ́ àwọn kan lágbàáyé ni láti máa gbé àṣà ìlú kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìlú mìíràn báyìí, kí wọ́n sì wádìí ohun tó fà á tí wọ́n fi jọra tàbí tí wọn kò fi jọra. Áńtírọpọ́lọ́jì ni wọ́n ń pe ìmọ̀ náà ní yunifásítì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é jókòó sí ìlú òyìnbó ni, wọ́n ń ka lẹ́tà àwọn ajíhìnrere, wọ́n ń to àwọn ènìyàn dúdú sí ìsàlẹ̀ àkàbà, wọ́n ń to ara wọn sí òkè. N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn. Àwọn tó wá gbé láàárín àwọn tí wọ́n ń kọ̀wé nípa wọn lọ́rọ̀ wọn wúlò fún wa. Lára àwa náà, N. A. Fádípẹ̀ kọ iṣẹ́ ńlá lórí ìgbé ayé àwùjọ Yorùbá fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939. Ó ti kú kí ìwé náà tó jáde ní Ìbàdàn ní 1970.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ìyá alámọ̀. Kò jókòó, kò sì lo kẹ̀kẹ́ ìmọ̀kòkò. Ìkòkò dúró sójú kan, òun ló ń yí i ká. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ń lẹ amọ̀ tó ti fọwọ́ lọ́ gbọọrọ mọ́ etí ìkòkò, ó ń fi ìka ọ̀tún fa á ròkè, ọwọ́ òsì ń ti inú. Bí ó ṣe ń yípo lọ ni ìkòkò ń ga sí i. Lẹ́yìn náà, ó fi igi kékeré kan tí wọ́n gbẹ́ ihò sí lára yí i lára kí ọnà lè hàn lára rẹ̀. Nígbà tó nàró tán, ó gbá ẹ̀yìn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì béèrè bóyá mo fẹ́ rà á ní tútù tàbí ní sísun. A jọ rẹ́rìn-ín.

Bí Ladi Kwali náà ṣe ń mọ ọ́n nìyẹn, obìnrin Gbagyi láti abúlé Kwali, tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn ogún náírà láti 2007. Òyìnbó kan, Michael Cardew, dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀kòkò sílẹ̀ ní 1952 ní ìlú tó ń jẹ́ Àbújá nígbà yẹn, tí a ń pè ní Suleja báyìí. Ladi Kwali wọ ibẹ̀ ní 1954. Cardew ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi gíláàsì dán ìkòkò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń mọ ọ́n, àǹtí rẹ̀ ni wọ́n ní ó ti kọ́ ọ nílé. Ahmadu Bello University fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1977, ó sì kú ní 1984. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ná an lójoojúmọ́ láìmọ orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ìyá bu omi fún wa nínú igbá. Mo mu tèmi. Alájì gbà á, ó dúpẹ́ ní Hausa, ó sì rọra gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀ láìfẹnu kàn án.

Nígbà tí ìyá wọlé, mo bi í léèrè bóyá omi náà kò mọ́ ni.

"Omi mọ́, Mọ̀mí. Ìyá àgbà ni kò dá mi lójú. Nílé wa, obìnrin àgbà tó bá dá dúró báyìí, a kì í ṣàdéédéé mu omi lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin ló ń ṣe àjẹ́."

Ọmọkùnrin ògbufọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, bí Alájì bá ń bẹ̀rù àjẹ́, kó yáa bẹ̀rù bàbá tó ń sùn lábẹ́ igi máńgòrò lọ́hùn-ún náà, nítorí àti ọkùnrin àti obìnrin ló lè ṣe é. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn ní Hausa, ọwọ́ ń lọ sókè sódò. Èmi jókòó, mo ń wò wọ́n, nítorí iyàn tí wọ́n ń jà yìí gan-an ti di ìwé tipẹ́.

Siegfried Nadel, onímọ̀ áńtírọpọ́lọ́jì, ló kọ ọ́. Vienna ni wọ́n ti bí i ní 1903. Láàárín 1934 sí 1936 ó gbé ní ilẹ̀ Tápà, ó sì kọ ìwé ńlá lórí ìjọba Bídà. Ní 1952, ó gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà, níbi tó ti fi àwùjọ mẹ́rin wé ara wọn lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́: Tápà àti Gbagyi níhìn-ín, Korongo àti Mesakin ní òkè Nuba ní Sudan. Ọgbọ́n tó lò ni pé ó mú àwọn tó jọra jù lọ. Aládùúgbò ni Tápà àti Gbagyi. Èdè wọn bá ara wọn tan, àgbẹ̀ ni wọ́n, ilé bàbá ni ọmọ ti ń jogún, àwọn méjèèjì gbà pé àwọn òkú ń padà wá sáyé, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń sọ ọmọ ní Babátúndé. Àwọn méjèèjì ló sì gbà pé àjẹ́ wà. Níbo ni wọ́n wá ti yà? Tápà ní obìnrin ni àjẹ́, Gbagyi ní kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Tápà ní eégún ọkùnrin, Ndakó Gboyá, tó ń jáde wá mú àjẹ́. Gbagyi ń dífá láti mọ ẹni tó ń ṣe é, wọ́n sì ń ṣe ètùtù ọdọọdún tó kan gbogbo abúlé.

Nadel wo ìsìn, kò rí ìdí rẹ̀ níbẹ̀. Ó wo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọ́ ọmọ, kò rí nǹkan kan. Ìgbà tó wo ọjà ló rí i. Oníṣòwò ni àwọn obìnrin Tápà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rìn láti ìlú dé ìlú, wọ́n sì lówó ju ọkọ wọn tó ń dáko lọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ ló jẹ ìyàwó rẹ̀ ní gbèsè. Ìyàwó ló ń san owó orí aya fún ọmọkùnrin tí bàbá ì bá san fún, òun ló ń náwó àríyá, òun ló ń náwó ẹ̀kọ́ ọmọ. Àwọn kan tilẹ̀ ń dá ọmọ bíbí dúró kí ẹsẹ̀ wọn lè yá lọ sọ́jà. Ọkọ kò lè wí, kò lè fọ̀. Olórí àwọn obìnrin ọjà ni wọ́n wá gbà pé ó tún ń jẹ olórí àwọn àjẹ́. Láàárín àwọn Gbagyi ẹ̀wẹ̀, Nadel kò rí irú ìjà yìí láàárín tọkọtaya, kò sì rí ìdí tí ẹ̀sùn fi máa dá lé orí obìnrin nìkan.

Ti Sudan tún le ju èyí lọ. Korongo kò gbà rárá pé àjẹ́ wà. Mesakin tó múlé tì wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀ lójoojúmọ́, arákùnrin ìyá ẹni ni wọ́n sì máa ń nàka sí. Láàárín àwọn méjèèjì, ọmọ a máa béèrè lára ogún ẹran lọ́wọ́ arákùnrin ìyá rẹ̀ nígbà tí onítọ̀hún ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n ọkùnrin Mesakin gbọ́dọ̀ fi ìjàkadì àti eré àwọn géńdé sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le koko, kí wọ́n sì máa kà á sí àgbà. Ẹni tí wọ́n sọ di arúgbó tipátipá kò ní fi tayọ̀tayọ̀ yọ màlúù fún ọmọ tó wá gba ipò rẹ̀.

Àlàyé náà dùn, mo sì fara mọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, ohun kan wà tí Francis Galton ti béèrè tipẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí Edward Tylor dúró ní 1888 tó ń fi àṣà ìgbéyàwó àwọn ènìyàn bí 350 káàkiri ayé wé ara wọn. Galton ní báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tí oníkálukú fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, àti èyí tí ẹnì kan kọ́ lára ẹnì kejì? Tiwa àti Tápà nìyẹn gẹ́lẹ́. Ìtàn ní Tápà ni ìyá Ṣàngó. Ẹ lọ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó l'Ékòó, níbi tí àwọn ènìyàn Oṣòdì Tápà tẹ̀dó sí, ẹ ó rí Igunnukó, aṣọ gíga tó ń ga fíofío títí tí yóò fi kọjá òrùlé, tí yóò tún wálẹ̀ bọ̀ǹbọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Tápà ló ti wá, ẹbí Ndakó Gboyá sì ni. Ọmọdé Èkó ń sáré tẹ̀lé e, wọ́n ń pariwo. Ní ilẹ̀ Tápà àtijọ́, ẹni tó bá rí i tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀sùn ló dé.

Nígbà tí a ń padà, mo sọ fún Alájì pé òyìnbó kan ní gbèsè ló ń jẹ́ kí ọkùnrin Tápà máa pe obìnrin ní àjẹ́. Ó dákẹ́ títí a fi kọjá Dutse.

"Mọ̀mí, ìyàwó mi ń ta ìrẹsì ní Bídà," ló wí nígbẹ̀yìn. "Òun ló yá mi lówó táyà ọkọ̀ yìí."

"Ẹ ti san án padà?"

"Mo ń san án."

N kò lè fi Alájì ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ilé tèmi náà kò yàtọ̀. Aṣọ ni ìyá mi tà, òun ló rán wa lọ sí ilé-ìwé títí tí a fi jáde, òun ló fi páànù bo ilé bàbá mi. Nígbà tí ọmọ kan kú nínú ẹbí, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé owó ìyá yìí kò mọ́. Nadel ì bá ti rí ẹ̀rí púpọ̀ ká ní ó dé agbo-ilé wa. Ṣùgbọ́n ì bá rí ohun tí yóò yọ ọ́ lẹ́nu pẹ̀lú. Obìnrin wa ń ṣòwò, obìnrin la sì ń pè ní ìyàmi. Dípò kí gbogbo wa máa fi eégún lé wọn, àwọn ará Kétu, Ọ̀họ̀rí àti Yewa ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọkùnrin a wọ aṣọ obìnrin, a fi bùbá àti ìdí ńlá jó, kí inú àwọn ìyá lè dùn sí ìlú. Ìbẹ̀rù kan náà ni, ẹ̀bẹ̀ la fi ń yanjú rẹ̀. UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé aráyé ní 2001.

Ẹ tún wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn. Wọn kò pa á fún àjẹ́. Ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, kà sí i lọ́rùn ní 1874 ni pé kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sójú ogun, kò sì jáde wá pàdé òun nígbà tí òun ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ta ló ń ná owó ta ni, wọ́n kàn sọ ọ́ gbangba ni.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò sì gbà wá sílẹ̀ títí lọ. Ní 1950 sí 1951, àwọn Àtíńgà tó ṣẹ̀ wá láti Gold Coast gba Dahomey wọ ilẹ̀ Yorùbá lápá Ẹ̀gbádò, wọ́n ń jó láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń nàka sí àjẹ́. Àwọn ọba àti ìjòyè kan ló ránṣẹ́ pè wọ́n, wọ́n sì sanwó fún wọn. Peter Morton-Williams, onímọ̀ tó wà níbẹ̀ nígbà náà, kọ ọ́ sílẹ̀: obìnrin ni àwọn tí wọ́n ń mú. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin náà jẹ́wọ́, kí wọ́n sanwó ìwẹ̀nùmọ́. Wọ́n fọ́ ojúbọ òrìṣà kiri kí ìjọba tó fòfin dè wọ́n. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni àpilẹ̀kọ Nadel jáde, kò sì sí ẹni tó kà á fún àwọn ìyá tí wọ́n ti gba owó ọjà wọn lọ.

Ohun tí mo rí mú bọ̀ láti Ushafa kò ju ìkòkò kan àti ìbéèrè kan lọ. Ìbéèrè náà ni mo fẹ́ kí ẹ máa bi ẹnikẹ́ni tó bá dé bá yín pé ìyá kan ń fi àjẹ́ ba iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ jẹ́, yálà wòlíì ni o, àfáà ni o, tàbí ará ilé yín: ta ló jẹ ìyá yẹn ní gbèsè, ta ni yóò sì jogún ilé rẹ̀? Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Nàìjíríà, abala 210, sọ pé ẹni tó bá fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn, tàbí tó halẹ̀ pé òun yóò fi kàn án, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura.